Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìbọn Lee-Enfield mi: ọdún rẹ̀ ti jáde

Ẹ kú àdúrótì o. Nọ́ńbà ara ìbọn Lee-Enfield mi, ìbọn àtijọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ṣe tí kò lè yìn mọ́, ni mo ní kí ẹ fi bá mi wá ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó ní kí n fi nọ́ńbà sílẹ̀, kí n wo irin abẹ́ ọwọ́ bolt (irin tí a ń fà sẹ́yìn láti ki ọta) lápá ọ̀tún, òun ló jàre. Mo fi epo àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ìdọ̀tí ibẹ̀: adé ọba, GR (Ọba George), B.S.A. Co. (ilé iṣẹ́ Birmingham Small Arms), 1917, SHT. L.E. III* (orúkọ irú ìbọn náà). Ọmọ Birmingham ni! Nọ́ńbà nìkan ò lè sọ ọdún, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ka tirẹ̀.

Àbá pé kí n fi nọ́ńbà wéra so èso díẹ̀: ti àgbá àti ti ara ìbọn bára mu, ti bolt yàtọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó lò ó ló kù tí mi ò tíì mọ̀. Kò sí àwo bàbà kankan, èyí tí wọ́n máa ń kọ àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun sí, lára ìdí igi rẹ̀.