“Léraléra” àti “òru” nínú òfin iṣẹ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé 16

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀gbọ́n tó kọ ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn ilé búrẹ́dì Kàbà àti Ìsánlú, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kò tíì wọ̀ mí lára: “léraléra”, “òru” àti “ọmọdé”.

Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ tí kò tíì pé 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju “wákàtí 4 léraléra” lọ. Léraléra ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́: ó pè mí léraléra. Ọ̀gá búrẹ́dì lè kà á sí wákàtí 4 lójoojúmọ́. Ohun tí Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà wí ní abala 59 ni pé kò gbọdọ̀ ju 4 lọ láìsinmi, àròpọ̀ ọjọ́ kan kò sì gbọdọ̀ ju 8. Ẹni tó dá a lábàá pé ká fi “gbáko” rọ́pò rẹ̀ náà kò gbà á: pípé ni gbáko ń sọ, kò sọ pé kò sí ìsinmi láàárín. “Láìsinmi” ti tó. Ọmọ tó bá wọṣẹ́ ní aago 7 àárọ̀, kó dáwọ́ dúró sinmi ní 11.

“Òru”, tí ẹ ní wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ló le jù. Abala 60 ní kí màjèsín (ẹni tí kò tíì pé 18) má ṣiṣẹ́ lálẹ́. Fún ẹni tí kò tíì pé 16, alẹ́ inú òfin jẹ́ wákàtí 12, ó kéré tán, tó so kọ́ra, tí aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń pe aago 10 ní òru? Ẹni tó ń po fúláwà nígbà yẹn á ní òru kò tíì tó. Bí ẹ bá sì kọ “10 sí 6” nìkan, wákàtí 12 ti sọnù: ọmọ tó kúrò níbi iṣẹ́ ní 9:30, tó padà dé ní 6:30, kò fọwọ́ kan àkókò yẹn, síbẹ̀ wákàtí 9 péré ló fi sinmi. Ó ku 3.

Ní ti “ọmọdé”, ẹ yọ ọ́. Ẹni tí kò tíì pé 12 ni Òfin Iṣẹ́ ń pè bẹ́ẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì ní ẹni tí kò tíì pé 18. Ẹ kọ ọjọ́ orí.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé: “Ẹni tí kò tíì pé 16 kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 4 láìsinmi, tàbí ju 8 lọ́jọ́ kan. Láti 7 alẹ́ sí 7 àárọ̀, ilé ni kó wà.” Ó bá òfin mu, kò sì sí òru kankan níbẹ̀.