Báwo ni Linux ṣe ń mọ ojú ìwé mẹ́mórì tó yẹ kó lé jáde?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń tẹ ìwé àti fọ́tò fún àwọn oníbàárà. RAM (mẹ́mórì) 4 GB ni kọ̀ǹpútà mi ní, Linux ló wà lórí rẹ̀. Bí mo bá ti ń kó fídíò Ojúde Ọba sórí fláàṣì, búráúsà tí mo ṣí sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bí ìgbín.

Ohun tó yé mi ni pé CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń fi àmì sára ojú ìwé (ègé kékeré tí a pín mẹ́mórì sí) tí a bá lò. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux, á wá wo àmì náà, á pa á rẹ́, á tún padà wá wò bóyá ó ti yọ. Èyí tí kò bá yọ mọ́ ló ń lé. Kí ló wá dé tí fídíò tí mo kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fi ń lé búráúsà tí mo ń lò látàárọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n ra RAM sí i. Mo mọ̀, owó ni kò sí.

Mo gbọ́ pé MGLRU, ọ̀nà tí kernel ń gbà yan ojú ìwé tó máa lé, tó wọ Linux 6.1 lọ́dún 2022, ń pín ojú ìwé sí ìran-ìran. 5.15 ni tèmi. Ṣé kí n lọ gbé tuntun ni, àbí kí n kàn dín swappiness (iye tó ń sọ bí kernel ṣe máa ń fẹ́ kó nǹkan láti RAM lọ sórí díìsìkì tó) kù láti 60?