Mọ́mì mi fẹ́ fi epo ẹja rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbà mí o

ỌmọGbági:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ́mì mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n tún ní ìtọ̀ ṣúgà, amlodipine àti metformin ni dókítà kọ fún wọn, wọ́n sì ń lò ó déédéé. Bùrọ̀dá mi tó wà ní London wá fi epo ẹja oníkápúsù ránṣẹ́ sí wọn, inú wa dùn sí i, kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tí obìnrin kan tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọ fún wọn pé epo ẹja máa ń fọ gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́, pé ibà àti ọ̀fìnkìn ò ní sún mọ́ wọn mọ́ torí á fún àwọn sójà ara lágbára, ó tún wá fi lé e pé kí wọ́n rọra fi oògùn òyìnbó sílẹ̀ nítorí kíndìnrín wọn. Mọ́mì ti gbà á gbọ́. Lánàá ni mo yẹ páálí amlodipine wọn wò, kò dín rárá! Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni epo ẹja ń ṣe fún ọkàn àti fún sójà ara gan-an? Mi ò fẹ́ bá wọn jà, mo kàn fẹ́ ní ọ̀rọ̀ tó dájú tí mo lè sọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sìỌ̀nàÀrà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí wọ́n padà sídìí amlodipine yẹn lónìí, kí ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Epo ẹja lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ náà kéré, kò lè ṣe iṣẹ́ amlodipine láéláé. Ẹ̀jẹ̀ ríru téèyàn ò tọ́jú gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́, ìtọ̀ ṣúgà sì wà nílẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́, ẹ sọ ìyẹn fún wọn dáadáa.

Ìdí tí ayé fi ń pariwo epo ẹja nìyí. Láàárín 1970 sí 1980 làwọn dókítà ará Denmark méjì, Bang àti Dyerberg, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn Inuit wò ní Greenland, àwọn tó jẹ́ pé ẹran òkun àti ẹja ni oúnjẹ wọn, wọ́n rí i pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn ará Denmark, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀lé omega-3, ìyẹn irú ọ̀rá tó wà nínú epo ẹja. Ní 1999, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ítálì tó ń jẹ́ GISSI, àwọn tó lé ní 11,000 tí àrùn ọkàn òjijì (heart attack) ti kọ lù rí, àwọn tó ń lo omega-3 gíráàmù kan lójúmọ́ kò kú tó àwọn tí kò lò ó. Ó dùn mọ́ni. Àmọ́ èyí tó bá mọ́mì yín mu jù ni ASCEND tí wọ́n ṣe ní Britain, 2018 ni èsì rẹ̀ jáde: 15,480 èèyàn, gbogbo wọn ló ní ìtọ̀ ṣúgà, kò tíì sí àrùn ọkàn lára wọn, àwọn kan ń lo epo ẹja gíráàmù kan lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń lo epo olífì nínú kápúsù, ó lé lọ́dún méje tí wọ́n fi tẹ̀lé wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi mẹ́sàn-án ni wàhálà ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ dé bá, nínú ìsọ̀rí méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀ kankan tó ṣeé dì mú. Kápúsù tiwọn yẹn sì lágbára o, omega-3 tó wà nínú ọ̀kan jẹ́ 840 mílígíráàmù.

ỌmọYorùbáManchester:
Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, àmọ́ ìwádìí tó ń jẹ́ REDUCE-IT ńkọ́? Èmi gbọ́ pé epo ẹja dín àrùn ọkàn kù gan-an níbẹ̀, àti pé NHS, àjọ ìlera ìjọba, fọwọ́ sí i níbí.

ApòògùnAbẹ́òkúta:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú u. REDUCE-IT lo EPA nìkan (ọ̀kan lára àwọn omega-3) tí wọ́n ti sẹ́ mọ́, gíráàmù mẹ́rin lójúmọ́, fún àwọn 8,179 tí triglyceride wọn, ìyẹn irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, ga tí wọ́n sì ti ń lo statin, oògùn tó ń fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, wàhálà ọkàn dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Oògùn dókítà nìyẹn, òun náà ni England gbà láyè ní 2022 fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń bá a jiyàn o, torí epo alumọ́ọ́nì ni wọ́n fún àwọn tí wọ́n fi ṣe àfiwé, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ àwọn yẹn sì gòkè. Nígbà tí ìwádìí míì, STRENGTH, wá dé ní 2020 pẹ̀lú EPA àti DHA (omega-3 míì) gíráàmù mẹ́rin, epo àgbàdo ni wọ́n fi ṣe àfiwé, kò sí èrè kankan, wọ́n dá a dúró. Nínú méjèèjì, àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège pọ̀ sí i, ìyẹn sì lè fa rọpárọsẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ máa da kápúsù inú ike mì láti fi wá gíráàmù mẹ́rin.

Lórí sójà ara, ibẹ̀ ni obìnrin yẹn ti ṣìnà jù. EPA àti DHA máa ń wọ inú awọ ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, wọ́n á gba àyè lọ́wọ́ arachidonic acid, ọ̀rá míì tí ara fi ń ṣe àwọn nǹkan tó ń mú ibi tó dùn wá wú, kó pupa, kó gbóná. Ara tún máa ń fi wọ́n ṣe àwọn nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní resolvin, Charles Serhan àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Harvard ló ṣàwárí wọn, iṣẹ́ wọn ni pé kí wíwú náà rọlẹ̀. Ẹ wo àwọn sójà tó ti ṣẹ́gun ọ̀tá tán tí wọn ò wá kúrò láàárín ìlú, àwọn ará ilé ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dà láàmú. Epo ẹja ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti padà sí bárékè. Ìdí nìyẹn tó fi ń dín oríkèé dídùn àti gígan òwúrọ̀ kù fún àwọn tó ní rheumatoid arthritis, àrùn tí sójà ara ti ń bá oríkèé jà, tí wọ́n bá lò ó pọ̀ díẹ̀ tó sì pẹ́. Pé kó wá lé ibà? Ẹ̀fọn ló ń kó ibà ranni, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì.

ÌyáẸlẹ́ja:
Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló ṣe tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀ ẹja fúnra ẹ̀? Titus tó ń sanra wà nínú kóòlùrúùmù, ṣàwá wà, ẹ gé e, ẹ fi sínú ọbẹ̀.

ApòògùnAbẹ́òkúta:
Màmá, ẹ ṣeun gan-an, ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Omega-3 inú ọgọ́rùn-ún gíráàmù Titus tí wọ́n sè lè ju gíráàmù kan lọ, ṣàwá náà dáa. Pánlá àti ẹja àrọ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀, kò ní ká má jẹ wọ́n ṣá. Ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, AHA, ní kéèyàn jẹ ẹja lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n má dín in. Èyí tá a ń dín títí á fi gan yẹn, epo tá a fi ń dín in ló ń kó jọ. Ohun míì ni pé nínú VITAL, ìwádìí Amẹ́ríkà tó ní 25,871 èèyàn, lápapọ̀ kápúsù kò yí nǹkan padà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹja tẹ́lẹ̀ jèrè díẹ̀. Ẹni tó ń jẹ Titus déédéé ti ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹ ṣáà dín iyọ̀ àti mágí inú ọbẹ̀ yẹn kù fún mọ́mì.

ỌmọGbági:
Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka ti ASCEND yẹn fún wọn, pé àwọn onítọ̀ ṣúgà bíi tiwọn ni, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n gbé amlodipine wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti gòkè o, ọ̀la la máa lọ rí dókítà. Ẹ̀yìn ike náà kọ ọ́ pé EPA 180, DHA 120. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù ni?

Nọ́ọ̀sìỌ̀nàÀrà:
Ẹ má dà á nù. Kápúsù kan lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ kò léwu fún ọ̀pọ̀ èèyàn, omega-3 mílígíráàmù 300 péré ló sì wà nínú ẹ̀, kò tó ìdajì ti ASCEND. Ooru máa ń bà á jẹ́, ẹ gbé e sí fíríìjì, tó bá ti ń rùn bí epo tó ti kan, ẹ sọ ọ́ nù. Tí wọ́n bá ń lo aspirin tàbí warfarin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ rí i pé dókítà mọ̀, tí ọkàn wọn bá sì ti lù ségesège rí ẹ sọ ìyẹn náà. Kí bùrọ̀dá má tún wá ra cod liver oil (epo ẹ̀dọ̀ ẹja) kún un o, fítámì A tó wà nínú ìyẹn lè pọ̀ jù. Ẹ gbé ike yẹn dání lọ́la kí dókítà ka ẹ̀yìn ẹ̀ fúnra ẹ̀.