Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ oníṣègùn ìbílẹ̀ l'Ékòó?

IyaBeji: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ìwé àṣẹ mi dà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún mi. Ta lẹ mọ̀ tó lè bá mi ṣe é kíákíá? Èló ni?

OmoElewe: Àwọn wo ló wá, mà? Ti kánsù àbí ti Bọ́ọ̀dù? Ṣé aláìsàn lẹ̀ ń wò àbí àgbo lẹ̀ ń tà? Bọ́ọ̀dù Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń fún oníṣègùn níwèé. Àgbo inú ike, ti NAFDAC nìyẹn.

Jagun_Epe: Ẹ má bá àgéǹtì ṣe é o! Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan gba ₦85,000 lọ́wọ́ mi. Ìwé tó gbé wá ń dán gbinrin, òǹtẹ̀ ẹ̀ pupa fòò. Mo fi ìka nù ún báyìí, yíǹkì bá mi lọ́wọ́ lọ.

AdunniAlagbo: Háà! Ṣé kì í ṣe ẹni kúkurú tó máa ń dé abetí ajá? Ó jẹ owó ẹ̀gbọ́n mi náà.

Jagun_Epe: Òun gan-an! Abetí ajá aláwọ̀ ewé!

BabaAwo: Ariwo yín ti pọ̀ jù. Káàdì ẹgbẹ́ ti tó. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi ṣe ìṣègùn, ẹnikẹ́ni ò bi í níwèé.

OmoElewe: Ẹ má bínú, Bàbá, káàdì ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ. Nọ́ńbà NAFDAC fún àgbo gan-an, ọdún 2 péré ni, kì í ṣe 5 bíi ti oògùn òyìnbó. Wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ike pé àwọn ò tíì yẹ ohun tẹ́ ẹ ní ó ń wò wò.

BabaAwo: Kí wọ́n wá kọ́ mi léwé nígbà náà!

TundeK: Ẹ dákun, ta ló ní àgbo jẹ̀dí tó dáa ní Mushin? Mi ò lè jókòó.

AdunniAlagbo: Lọ bá àwọn eléwé ọmọ lọ́jà. Olómi ni kó o rà, má ra ọlọ́tí.

IyaBeji: Ẹ ṣé gan-an. Ọṣẹ dúdú àti oyin ni mo ń tà o. Àbúrò ọkọ mi ti mú ẹnì kan wá, ₦60,000 ló ní a máa san, ìwé á jáde lọ́la. Mo ti san ìdajì.

OmoElewe: Ọṣẹ kẹ̀? Kí ni ìwé oníṣègùn wá ń wá ńbẹ̀? NAFDAC ló ni ọṣẹ!

Jagun_Epe: Mà, ṣé ó dé fìlà?