Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ Òṣogbo, ṣé kí n ra ìkòkò iná ni àbí kí n ṣe é fúnra mi?

ỌmọArọ_Alékúwodò:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé arọ bàbá mi ni mo fẹ́ tún ṣí, ìdáná ilẹ̀ ni wọ́n lò nígbà ayé wọn, kéèyàn lóṣòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀yìn tèmi ò lè gbà á jàre. Wẹ́dà ti bá mi ṣe tábìlì onírin tó ga dé ìbàdí, ó ku ìkòkò iná, ìyẹn ibi tí èédú á ti máa jó, tó máa wọ ihò àárín ẹ̀. Mo rí èyí tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà, irin káàsì ni, ó wù mí gan-an, àmọ́ ó wúwo, owó tí wọ́n máa fi gbé e wá kì í ṣe kékeré. Ẹnì kan ní kí n wá dúrọ́ọ̀mù bíréèkì tírélà lọ sí Sábó, kí n fi ṣe ìkòkò náà. Àdá àti ọkọ́ ni mo fẹ́ máa rọ, èédú igi ni màá lò.

wẹ́dà_kì_í_sùn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra nǹkan kan. Ti tírélà ti fẹ̀ jù, èédú á jẹ yín lówó, ti mọ́tò kékeré tí ẹnu ẹ̀ tó íǹṣì 10 ni kẹ́ ẹ wá. Tàbí kẹ́ ẹ gé pílétì 10mm, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà gẹ̀rẹ́ wọnú bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Páìpù tó wà lábẹ́ ẹ̀ kó yà sọ́nà méjì, ti fáànù tó ń fẹ́ná lọ̀kan, ti eérú lèkejì, ẹ fi ìdérí sí ti eérú. Àmọ́ ẹ má lo páìpù omi tí wọ́n fi síǹkì bò o! Mo wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀bù tí ò ní fèrèsé, ó dalẹ́ ni òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, ara gbóná, ìyàwó mi ti ń se àgbo ibà, àṣé èéfín síǹkì yẹn ni.

ẹ̀mú_gbóná:
Èmi ra tèmi o, mi ò sì kábàámọ̀. Irin kan wà nídìí ẹ̀ téèyàn máa ń yí látìta, ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí èédú tó yọ́, tó bá lẹ̀ mọ́ ihò afẹ́fẹ́ bíi dígí á fọ́ bọ́ sísàlẹ̀, iṣẹ́ ò ní dúró. Ṣùgbọ́n èédú Enugu tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ni mò ń lò, ti igi kì í ní ìdàrọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni omi. Ọmọṣẹ́ mi kan da omi sí i kíná lè tètè kú, gbàù! ó là látẹnu dé ìdí. Dúrọ́ọ̀mù náà káàsì ni, kì í sì í gba wẹ́ẹ̀dì bọ̀rọ̀.

Bàbá_Ẹwìrì:
Ọmọ mi, kí lo pe ti bàbá ẹ? Ìkòkò iná náà ni, amọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Lọ wa ògán, gún un, jọ̀ ọ́, po iyanrìn àti eérú díẹ̀ mọ́ ọn, kó o fi rẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù yẹn nípọn tó ìka méjì. Abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ, má sá a sóòrùn, iná kékeré ni kó o sì kọ́kọ́ dá sínú ẹ̀. Fáànù yẹn gan-an ni mò ń bá ẹ bẹ̀rù. Ẹwìrì tá a fi ń fẹ́ná ń rọra mí ni, fáànù ò mọ̀yẹn, iná á kàn máa ta pàrà, èédú á tán kí àdá tó pọ́n. Fi nǹkan dí ẹnu ẹ̀ kó o lè máa dín in kù. Má sì ki irin bọ ẹnu afẹ́fẹ́, àárín iná lókè ni kó sùn sí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èèpá tó ń ṣí lára irin ni wàá máa gbá.

ỌmọArọ_Alékúwodò:
Ẹ ṣé gan-an Bàbá. Ògán kan wà lẹ́yìnkùlé wa, àmọ́ ikán ṣì wà nínú ẹ̀, ṣé kò burú?

Bàbá_Ẹwìrì:
Wà á. Iná á lé wọn.