Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: èrò wo ni a lè fi wo ìṣòro àwùjọ?

Olùkọ́ Ìdènà (Kétu) béèrè pé:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, kò jìnnà sí Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ti ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀ lórí ìdí tí àwọn ọmọkùnrin fi ń fi ìwé sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó ṣe BEPC, ìdánwò tí a fi ń parí ìpele àkọ́kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹjọ́ ni a fi gbogbo àsìkò rò. Àwọn kan ní ọmọ ìwòyí ya ọ̀lẹ, àwọn kan ní àwọn ìyá ló ń kẹ́ wọn bàjẹ́, àwọn mìíràn sì kọjú sí àwa olùkọ́. Bàbá kan wá dìde, ó ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Gbogbo ilé kan sáárá sí i, ìpàdé sì tú.

Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí ìsinmi Kérésìmesì tó dé, kò wá mọ́. Ìwé àjákọ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì, nígbà tí mo sì ṣí i, òórùn epo bẹntiróò ló kọ́kọ́ lù mí nímú. Lójú ìwé tó kọ kẹ́yìn, ó ti to iye ìgò àti iye owó sẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ìṣirò tí mo fún wọn ṣe, tirẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń rí i lẹ́bàá ọ̀nà Ìlárá níbi tó ti ń ta epo nínú ìgò. Bó bá ti rí mi, yóò fi àrọ pamọ́ sẹ́yìn, yóò sì dọ̀bálẹ̀. Ọmọ tó ń jí ní ìdájí lọ gbé epo kò ṣe é pè ní ọ̀lẹ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: àwọn èrò ìpìlẹ̀ wo ni àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ fi ń wo irú ọ̀rọ̀ báyìí? Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ìṣòro kan ti kúrò ní ti ẹnì kan, pé ó ti di ti gbogbo ìlú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá tó ń ta gàrí lè bá mi jiyàn lé lórí.

Ará Àjàṣẹ́ fèsì pé:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mo kà ní yunifásítì Abomey-Calavi, ibi tí èmi yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí C. Wright Mills, ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní ọdún 1959 láàárín ìnira ẹnì kan àti ọ̀ràn gbogbo ìlú. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ìlú tó ní 100,000 èèyàn, ìnira tirẹ̀ nìyẹn, kí a yẹ ìwà rẹ̀ àti ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù 15 nínú mílíọ̀nù 50 òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè kan ni kò níṣẹ́, asán ni kí a máa wá ojútùú rẹ̀ sínú ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ètò tó ń pèsè iṣẹ́ gan-an ló ti wó. Nítorí náà, kí ẹ tó wo irú ọmọ tí àwọn tó lọ jẹ́, ẹ kọ́kọ́ ka iye wọn, kí ẹ sì wo ìgbà tí wọ́n lọ.

Ètò àwùjọ ni ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ fi síwájú àwọn òbí. Ó dà bí òpó ilé: ẹni tó ń gbé inú ilé kì í rántí òpó tó gbé òrùlé ró, àfi ọjọ́ tó bá mì. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1889 ló fi ìpìlẹ̀ ààlà lélẹ̀, tí Kétu fi wà lápá ti Faransé, tí Ìmẹ̀kọ sì wà lápá ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọmọ kankan ní kíláàsì yín tó fọwọ́ sí ìwé yẹn. Síbẹ̀ ààlà yẹn ló mú kí iye owó epo yàtọ̀ lápá méjèèjì, ìyàtọ̀ náà ló sì bí òwò kpayo, ìyẹn epo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, tí ọmọ yín ń ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, kò sì ṣí i padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun kéde níbẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye tí wọ́n ń ta epo ti ju ìlọ́po méjì lọ. Kò sẹ́ni tó rántí ilé ẹ̀kọ́ Kétu nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpinnu wọ̀nyí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló kan oúnjẹ alẹ́ ilé àwọn ọmọ yín.

Ẹ bá mi gbé ìwé orúkọ àwọn ọdún wọ̀nyẹn jáde. Bí àwọn ọmọ bá ń lọ, tí wọ́n sì ń padà wá ní ìgbà kan náà, ọ̀lẹ kọ́ nìyẹn, nítorí ọ̀lẹ kì í mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ààlà. Irú ìṣirò báyìí ni Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn ní ọdún 1897 pé ikú tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà pàápàá, tí a rò pé kò sí ohun tó jẹ́ ti ara ẹni tó bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún, ó sì ń yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì.

Ìyá Aránṣọ (Ṣábẹ̀) fèsì pé:

Mo kí gbogbo ilé. Mo gba ọ̀rọ̀ Ará Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n kí a má fi ètò bo èèyàn mọ́lẹ̀. Nínú ilé kan náà, tí ààlà kan náà ń bá fínra, ẹ óò rí ọmọ méjì tí ọ̀kan ń kàwé tí èkejì ń tajà. Kí ló yà wọ́n? Ipò tí kálukú wà nínú ilé ni, àti ojúṣe tí a gbé ka orí ipò náà. Àkọ́bí tí bàbá rẹ̀ ti kú jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀, ó sì jẹ́ bàbá fún àwọn àbúrò rẹ̀ lálẹ́. Olùkọ́ ń retí iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá ń retí owó ọbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì ń rò pé aláìgbọràn ni, nígbà tó jẹ́ pé ojúṣe méjì ló ń fà á ya.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìbéèrè yín, Olùkọ́, ni pé ẹ ní “àwọn ọmọkùnrin”. Èmi náà fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, mo lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi yọ̀ǹda mi, wọ́n da pọ́dà sí mi lọ́rùn, wọ́n lùlù, bàbá mi sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé ọmọ òun ti di èèyàn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, òun ni mo fi ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ìwé bá ti ọ́fíìsì ìjọba wá ní èdè Faransé, ọmọ mi obìnrin ni mo máa ń pè kó wá kà á fún mi, tí n óò sì máa wo ojú rẹ̀ bóyá ohun tó wà níbẹ̀ dára tàbí kò dára.

Èyí ni èrò tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí ìpàdé: nǹkan lè máa pa èèyàn lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má tíì jẹ́ ìṣòro àwùjọ lójú ẹnikẹ́ni. Ó di ìgbà tí ẹni tó lẹ́nu nínú ìlú bá ké e síta, tí àwọn tó ń gbọ́ sì gbà pé ó burú, kó tó gba orúkọ yẹn. Nítorí náà, ẹ wo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yín, kí ẹ sì wo àwọn tó kàn ń gbé omi fún wọn.

Bàbá Onígẹ̀lẹ̀dẹ́ (Kétu) fèsì pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Inú mi dùn pé ẹ ń fi èdè wa rò ó, nítorí kì í ṣe òde òní ni a bẹ̀rẹ̀. N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní London ní ọdún 1939 lórí ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ Yorùbá, ó kú ní 1944, kò sì rí i kí iṣẹ́ náà tó di ìwé ní ọdún 1970. Lẹ́yìn rẹ̀, Akinsola Akiwowo, tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, mú àjọbí àti àjọgbé, ọ̀rọ̀ méjì tí a ń sọ lójoojúmọ́, ó sọ wọ́n di èrò ìmọ̀. Àjọbí ni okùn ẹ̀jẹ̀ tó so wá pọ̀, àjọgbé ni okùn tó so àwọn tó jọ ń gbé ibì kan, yálà ẹ̀jẹ̀ pa wọ́n pọ̀ tàbí kò pa wọ́n pọ̀.

Ẹ fi wo ọ̀rọ̀ ọmọ tí a ń fi fún ẹlòmíràn tọ́. Ní ìgbà tiwa, bí wọ́n bá fi ọmọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ó lọ kọ́ ọgbọ́n. Iṣẹ́ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kì í sọ jáde: ó ń so ilé méjì pọ̀, kí ìyàn tó mú ọ̀kan má baà pa á. Robert Merton, ará Amẹ́ríkà, ló là á yé àwọn onímọ̀ ní ọdún 1949 pé àṣà kan lè ní iṣẹ́ tó hàn sójú àti iṣẹ́ tó fara pamọ́. Lónìí, alágbàtà tí kò bá wa tan ló ń wá mú ọmọ, àwọn Fọn ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní vidomègon, orúkọ àtijọ́ náà ni, ṣùgbọ́n okùn inú rẹ̀ ti já. Ní ọdún 2003 ni ọlọ́pàá Nàìjíríà kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Ní ọdún 2006, Benin ṣe òfin lórí ìrìn àjò ọmọdé àti òwò ọmọ. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìyá fi fa ọmọ rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́ yóò ní láti béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn wà báyìí.

Mo fẹ́ dá bàbá tó pa òwe àṣàmú yẹn lóhùn pẹ̀lú. Òwe gidi ni, àmọ́ ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Howard Becker, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1963 pé ìyapa, ìyẹn yíyà kúrò nínú ìlànà àwùjọ, kì í ṣe inú ìwà nìkan ló wà, ó wà nínú orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn lẹ̀ mọ́ ẹni tó hu ìwà náà. Bí ẹ bá pe ọmọ ní jàgùdà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ta ni yóò gbà á síṣẹ́, àwọn wo ni yóò sì kù fún un láti bá rìn? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, mọ ọ̀nà mìíràn. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a máa fi orin tú àìtọ́ fó, ì báà jẹ́ ti olóyè, ojú a sì ti oníwà náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, òun àti àwa la jọ ń wo ijó, kò tíì bọ́ kúrò nínú ọmọ ìlú.

Olùkọ́ Ìdènà padà wá kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbé ìwé orúkọ jáde gẹ́gẹ́ bí Ará Àjàṣẹ́ ti ní kí n ṣe. Mo retí pé ọjọ́ epo ni n óò rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí yàtọ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó lọ, ọ̀sẹ̀ tí a lé àwọn tí kò tíì san owó ilé ẹ̀kọ́ jáde ni ọ̀pọ̀ wọn lọ, wọn kò sì padà wá. Ọ̀fẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba láti ọdún 2006, wọ́n sì ti yọ owó náà kúrò lọ́rùn àwọn ọmọbìnrin ní ìpele àkọ́kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, nítorí náà orí ọmọkùnrin ni ọjọ́ yẹn ti ń bọ́. Èmi gan-an ni mo ka orúkọ wọn lọ́jọ́ náà. Epo kò lé wọn kúrò ní kíláàsì. Àwa la lé wọn, epo sì wà lẹ́bàá ọ̀nà láti gbà wọ́n. Nípa àwọn ọmọbìnrin tó lọ kọ́ṣẹ́, Ìyá Aránṣọ, mo ti kọ orúkọ wọn sí ojú ewé tirẹ̀, n óò sì kà á síta pẹ̀lú.

Ará Àjàṣẹ́ fèsì pé:

Mo gba àtúnṣe yín. Mo sáré lọ sí ààlà nígbà tí ilẹ̀kùn kíláàsì wà nítòsí. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà lára ètò, ó sì ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oko àti ọjà ní tiwọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ìgbà wo nínú ọdún ni owó ń wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fi wé ọjọ́ tí ẹ ń béèrè owó. Bí àwọn ọjọ́ náà kò bá bára mu, ohun tí ìpàdé lè dá lé nìyẹn: ẹ lè sún ọjọ́ ìsanwó sí ìgbà tí owó bá wà lọ́wọ́ wọn, ẹ sì lè jẹ́ kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀.

Olùkọ́ Ìdènà kọ pé:

N óò béèrè. Lálẹ́ àná, mo dúró lọ́dọ̀ ọmọ náà lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì dá ìwé àjákọ rẹ̀ padà fún un. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò kó tó gbà á. Ó bi mí bóyá orúkọ òun ṣì wà nínú ìwé tí a fi ń pe kíláàsì. Mo sọ fún un pé n kò tíì pa á rẹ́.