Àwòṣe ojú irin Ọ̀fà àti Jẹ́bà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé: mo ń béèrè ìmọ̀ràn

Ọmọ Òmù-Àrán:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ilé wa ní Òmù-Àrán wà lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n fi yàrá kan sí ìsàlẹ̀, èyí tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, tí iwájú rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá. Yàrá náà gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 3.5, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lára ògiri kúkúrú tó kọjú sí àgbàlá. Mo ti kó àwọn ẹrù tó wà níbẹ̀ kúrò, àwọn ará ilé sì ti gbà pé kí n lò ó fún àwòṣe ojú irin tó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi.

Ojú irin tiwa ni mo fẹ́ ṣe, láti Ọ̀fà gba Ìlọrin dé Jẹ́bà níbi tó ti sọdá Odò Ọya, bó ṣe rí ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ẹ́ńjìn onísitíìmù àti ẹ́ńjìn onídísù jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀pà ilẹ̀ Kánò sì ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí èbúté Àpápá. Àwọn àwòrán ìlànà tí mo ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn, yàrá abẹ́ ilé wọn sì tóbi ju gbogbo ìsàlẹ̀ ilé wa lọ. Ìwọ̀n wo ni kí n lò? Báwo ni kí n ṣe to ojú irin náà sínú irú yàrá yìí? Mo tún ń ronú nípa ọ̀rinrin, nítorí ògiri ẹ̀yìn yẹn kì í gbẹ dáadáa bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Oníná Ìlọrin:

Ẹ kú ìmúra, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n, nítorí òun ni yóò pinnu ọ̀pọ̀ nǹkan yòókù, títí kan iye tí ẹ máa ná. Ojú irin tó gba Ọ̀fà kọjá, èyí tó ti Èkó wá, tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì dé Jẹ́bà ní 1909, kì í ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àlàfo tó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mílímítà 1,067, nígbà tí ti Amẹ́ríkà, àti ti ojú irin tuntun tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, jẹ́ mílímítà 1,435. Ìwọ̀n HO tí wọ́n ń tà jù lágbàáyé, tí í ṣe 1:87 (ìyẹn ni pé ohun gidi tóbi ju àwòṣe lọ ní ìlọ́po 87), ń lo irin tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 16.5. Bí ẹ bá sọ 16.5 yìí di ìlọ́po 87, 1,435 ló máa bọ́ sí. Èyí fi hàn pé bí ẹ bá lo irin àti ọkọ̀ HO bí wọ́n ṣe ń tà á, ojú irin ilẹ̀ òkèèrè lẹ máa ṣe, bí orúkọ Ọ̀fà tilẹ̀ wà lára tésàn rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ojú irin wọn fẹ̀ bíi tiwa gan-an ti wá ọ̀nà sí i. Ní New Zealand, àwọn kan ń ṣe ìwọ̀n 1:64 lórí irin mílímítà 16.5 yẹn, àwọn mìíràn sì ń ṣe 1:120 lórí irin mílímítà 9, èyí tí í ṣe irin ìwọ̀n N tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Ẹ tún ṣírò ìyẹn: 9 lọ́nà 120 jẹ́ 1,080, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti gidi kò ju mílímítà 13 lọ. Àwọn ará Japan ní tiwọn gbà láti fi irin mílímítà 9 ṣe 1:150, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1,067 ni ojú irin wọn àtijọ́ náà. Irin abẹ́ ọkọ̀ wọn fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwọn pọ̀ lọ́jà, wọn kò sì ní láti fọwọ́ ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n dúró lórí 1:120. Ẹ́ńjìn àti kóòṣì rélùwéè wa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí rà ní ṣọ́ọ̀bù. Páálí líle àti ike pẹlẹbẹ lẹ máa gé láti fi ṣe ara wọn, kí ẹ tó gbé e ka orí ẹsẹ̀ àti mọ́tò ìwọ̀n N tí ẹ bá rà. Níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ pé ọwọ́ yín ni yóò gé e, kò ná yín ní ohunkóhun sí i láti gé e bó ṣe yẹ kó rí. Ààyè yóò sì gbà yín. Kóòṣì tó gùn ní mítà 18 yóò di sẹ̀ǹtímítà 15 ní 1:120, ẹ́ńjìn kan àti kóòṣì mẹ́fà yóò sì gùn tó mítà kan lé díẹ̀. Ní 1:64, ọkọ̀ kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà méjì.

Ará Ọ̀fà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Mo fara mọ́ 1:120 náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ìṣírò yẹn dé òpin. Ní ìwọ̀n yìí, kìlómítà kan ṣoṣo gba mítà 8.3. Bí o bá yí gbogbo ògiri yàrá rẹ po, mítà 17 ni, èyí tí kò ju kìlómítà méjì lé díẹ̀ lọ. Kò sí bí Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà ṣe lè wọ ibẹ̀ kí ọ̀kankan nínú wọn sì rí bó ṣe yẹ. Mo bẹ àwọn ará Ìlọrin kí wọ́n forí jì mí, Ọ̀fà àti afárá Jẹ́bà ni mo ní kí o ṣe. Tésàn kan tó pé, tí ọkọ̀ ń ṣe iṣẹ́ gidi níbẹ̀, sàn lójú mi ju tésàn mẹ́ta tí ọkọ̀ kàn ń sáré kọjá lọ.

Iṣẹ́ wo ni mò ń sọ? Ojú irin wa jẹ́ ẹlẹ́yọ kan, ọkọ̀ tó ń gòkè lọ sí Àríwá àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Èkó sì ń lo irin kan náà. Inú tésàn nìkan ni wọ́n ti lè yà fún ara wọn. Nígbà náà, awakọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní tésàn láìjẹ́ pé tókìn (àmì àṣẹ ìrìn) apá tó kàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tókìn kan ṣoṣo ló sì ń jáde fún apá kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé lójú ọ̀nà. Gbogbo èyí ni o lè ṣe nínú yàrá rẹ. Jẹ́ kí irin méjì wà ní Ọ̀fà tí ọkọ̀ ti lè dúró de ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn tó mítà kan àti ààbọ̀ láìka ibi tí irin ti ń pínyà sí i, nítorí irin ìdúró tó kúrú ju ọkọ̀ lọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Fi irin kẹta sí i fún wágùnù ẹrù, pẹ̀lú ilé ìkẹ́rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí o ti lè máa já wágùnù kan sílẹ̀ tàbí kí o so òmíràn mọ́ ọkọ̀. Ṣe tókìn rẹ láti ara òrùka idẹ méjì, kí ẹni méjì máa wa ọkọ̀, kí wọ́n sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ ó rí i bí ọ̀sán ṣe máa di alẹ́.

Ní ti àwòrán ìlànà, má ṣe gbé tábìlì ńlá sí àárín yàrá. To pẹpẹ tóóró mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri yíká, kí àárín ṣófo fún ènìyàn. Ọ̀fà yóò wà lára ògiri gígùn kan. Lára ògiri gígùn kejì, fi irin mẹ́rin pamọ́ sẹ́yìn òkè kékeré tàbí pákó tí a kùn bí ojú ọ̀run, kí ibẹ̀ dúró fún Èkó lápá kan, kó sì dúró fún Kánò lápá kejì. Nítorí pé òbìrípo ni ojú irin náà, ọkọ̀ ẹ̀pà tó kún yóò máa ti ìhà Kánò wá nígbà gbogbo, wágùnù òfìfo yóò sì máa gòkè padà lọ, láìsí pé o ń fọwọ́ kó ẹrù jáde.

Ilẹ̀kùn tí o lè rò pé yóò dí ọ lọ́wọ́ ni ẹnu ibi tí Odò Ọya yóò gbà. Kí wọ́n tó parí afárá Jẹ́bà ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó àwọn wágùnù sọdá. Ṣe afárá náà lọ́tọ̀, lórí pákó kan tó ṣeé gbé kúrò, kí o fi bóòtù méjì dè é ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, kí ó dábùú ẹnu ọ̀nà. Bí o bá fẹ́ wọlé tàbí jáde, o gbé e kúrò; bí ọkọ̀ bá fẹ́ kọjá, o gbé e padà. Lo àkókò rẹ lórí afárá yìí ju ibòmíràn lọ, nítorí òun ni ẹni tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀kan péré ló kù tí mo fẹ́ tẹnu mọ́: má jẹ́ kí rédíọ̀ọ̀sì igun kankan kéré sí sẹ̀ǹtímítà 40. Àwọn ẹ́ńjìn onísitíìmù tí wọ́n ń pè ní River ní táyà irin mẹ́jọ tó ń ti ọkọ̀ lọ, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, igun tó há kò sì bá irú wọn lára mu.

Káfíńtà Àjàṣẹ́-Ìpo:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bàbá ti sọ èyí tó dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yanjú ògiri yẹn ná, nítorí bí ẹ bá to pákó sínú yàrá tó ń mumi, gbogbo ìṣírò yẹn yóò bàjẹ́.

Ẹ gé ọ̀rá funfun tó tó apá kan níbùú àti lóòró, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri ẹ̀yìn pinpin, ẹ sì fi í sílẹ̀ bíi ọjọ́ méjì. Bí omi bá hàn láàárín ọ̀rá àti ògiri, inú ilẹ̀ ni omi ti ń gba inú búlọ́ọ̀kù wọlé, kíkùn kò lè dá a dúró. Ìta lẹ máa kọjú sí: ẹ gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀yìn ilé, ẹ darí omi orúlé kúrò níbẹ̀, kí ẹ tó wá fi sìmẹ́ńtì tí a po oògùn adènà omi mọ́ rẹ́ ògiri. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ ni ọ̀rinrin náà wà. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde àti fèrèsé tó ń ṣí dáadáa lè kápá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má kan ohunkóhun mọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kí wẹ́lídà fi áńgùlù irin ṣe ẹsẹ̀, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà márùn-ún wà láàárín pákó àti ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí àyè sì wà láti rí ikán bí ó bá fẹ́ gun òkè. Ikán kì í jẹ irin, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ ọ̀nà amọ̀ gùn ún dé ibi tí pákó wà, nítorí náà ẹ máa wo ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn déédéé. Púláíwúùdù mílímítà 12 tó fún orí rẹ̀. Ẹ kùn ún lójú méjèèjì àti ní gbogbo etí tí ẹ fi ayùn gé, kí ẹ tó kàn án. Etí tí a kò kùn ni omi ń gbà wọlé. Kí pẹpẹ má fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, kí ọwọ́ lè dé ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ bá yẹ̀ kúrò lórí irin.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń di ẹ̀bi irin tó wọ́ ru oòrùn. Nínú ilé, irin àwòṣe tó gùn ní mítà kan kò ní fi ju nǹkan bí 0.25 mílímítà gùn sí i bí ooru bá fi ìwọ̀n 15 lé sí i. Pákó ló ń ṣe é. Ó máa ń wú lásìkò òjò, ó sì máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́, tí irin tó wà lórí rẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ́ irin lásìkò òjò, ẹ fi àlàfo tó tó mílímítà kan sí oríkèé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ọyẹ́, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

Ní ti òkè àti ilẹ̀, POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé náà ló dára, tí a bá rẹ àpò ìdọ̀họ sínú rẹ̀, tí a sì tẹ́ ẹ lórí fóòmù líle. Ilẹ̀ pupa àyíká wa gan-an ni kí ẹ fi bò ó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ, tí ẹ sì ti yan án nínú àgbá kí kòkòrò inú rẹ̀ kú. Yanrìn tí ẹ máa dà sí àárín irin, ẹ gba mágínẹ́ẹ̀tì kọjá lórí rẹ̀ ná, nítorí yanrìn odò máa ń ní lúúbú irin nínú, mọ́tò ẹ́ńjìn yóò sì fà á mọ́ra. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà tí a fi omi là, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan, ni yóò mú un dúró.

Ọmọ Òmù-Àrán:

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun. Mo ti lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi wà, nítorí náà gọ́tà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó dùn mí díẹ̀ pé Ìlọrin kò ní sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tésàn kan tó pé ti wọ̀ mí lọ́kàn, èrò pé kí Odò Ọya gba ẹnu ọ̀nà sì ti gbà mí lóorun. Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Iná ìjọba kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Ṣé dandan ni kí n lo DCC, ẹ̀rọ tó ń darí ẹ́ńjìn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àbí iná fóólìtì (volt) 12 lásán ti tó?

Oníná Ìlọrin:

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa rìn, fóólìtì 12 lásán ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fẹ́ kí ọkọ̀ méjì pàdé ní Ọ̀fà lọ́wọ́ awakọ̀ méjì. Pẹ̀lú iná lásán, ẹ ní láti gé irin sí apá púpọ̀, kí apá kọ̀ọ̀kan ní súìṣì tirẹ̀, awakọ̀ yóò sì máa lé súìṣì kiri dípò kó máa wo ọkọ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú DCC, iná wà lórí gbogbo irin nígbà gbogbo, nọ́ńbà tí a fún ẹ́ńjìn kọ̀ọ̀kan ló sì fi ń mọ àṣẹ tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ́ńjìn tuntun sábà máa ń wá pẹ̀lú nọ́ńbà 3, ẹ yí i padà kí ẹ tó gbé èkejì sórí irin, kí méjèèjì má baà gbọ́ àṣẹ kan náà. Iná tí ẹ́ńjìn N ń fà kéré púpọ̀, ínfátà kékeré pẹ̀lú bátìrì kan tí sólà ń gbé yóò gbé e láìsí wàhálà.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé irin láti gbé iná yí yàrá ká, nítorí kò gbé iná tó kópà. Ẹ gba wáyà kópà 2.5 méjì, pupa àti dúdú, kọjá lábẹ́ pákó yíká, kí ẹ sì fi wáyà tín-ín-rín jó o mọ́ irin ní mítà kọ̀ọ̀kan. Afárá tó ń ṣí náà nílò púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Kí irin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà sì máa gba iná láti ara púlọ́ọ̀gì yẹn ní ìwọ̀n gígùn ọkọ̀ kan, kó lè jẹ́ pé bí afárá bá ti kúrò, iná ibẹ̀ náà yóò kú, ẹ́ńjìn kankan kò sì ní já bọ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó da yanrìn sí i, ẹ mú owó ẹyọ náírà kan, kí ẹ máa gbé e dábùú irin méjèèjì káàkiri òbìrípo náà. Ibi tí ẹ bá gbé e sí tí ẹ̀rọ DCC kò ti gé iná lójú ẹsẹ̀, wáyà kò tó níbẹ̀, ẹ jó òmíràn sí i.